Ọ̀já Pupa Lọ́rùn Ajá

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn dókítà ẹran máa ń wá sí oríta wa ní Agbowó láti fún ajá àti ológbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á gbé tábìlì kan sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé fún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á gbé kúlà tó kún fún áísì lé e, torí pé oògùn náà kò gbọdọ̀ gbóná. Bí wọ́n bá ti gún ajá kan tán, wọ́n á so ọ̀já pupa mọ́ ọn lọ́rùn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé èyí ti gbà á.

Mo fẹ́ràn àárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Akọ̀ròyìn ni mí, Dùgbẹ̀ ni ọ́fíìsì wa wà, ohun tó sì dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu àwọn èèyàn jáde fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò yẹn. Obìnrin kan gbé ológbò rẹ̀ wá nínú àpò ìrẹsì tó dá ihò sí. Orí ológbò náà yọ síta bí orí ọmọ tí wọ́n pọ̀n.

"Dókítà, ẹ rọra o. Kò fẹ́ràn ọkùnrin."

"Màmá, èmi kọ́ ni mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ fún un."

Kí dókítà tó sọ̀rọ̀ tán, ológbò ti fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ya. "Ṣé ẹ rí i?" ni obìnrin náà wí, bí ẹni pé ọmọ òun ló gba ẹ̀bùn níléèwé.

Bàbá onílé wa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Ọmọ Ṣakí ni wọ́n, ìlú kan náà pẹ̀lú màmá mi. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì ní Sẹkitéríàtì, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì. Ajá méjì ni wọ́n ní, ọmọ ìyá kan náà, àwọ̀ búráùn pẹ̀lú funfun díẹ̀ láyà, tí ẹni tó bá bí wọn pàápàá á ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. Wọ́n pe ọ̀kan ní Ẹnuayé, wọ́n pe èkejì ní Forítì. Bí ayálégbé tuntun bá béèrè ìdí, wọ́n á ní, "Nígbà tí mò ń kọ́ ilé yìí, ẹnu ayé ni mo fi sùn, ìforítì ni mo fi jí."

Forítì nìkan ni wọ́n fà wá sí oríta lọ́jọ́ náà. Dókítà gún un, ó so ọ̀já pupa mọ́ ọn lọ́rùn, ó wá wo ẹ̀yìn wọn.

"Bàbá, mo mọ̀ pé ajá méjì lẹ ní. Èkejì ńkọ́?"

"Ó ń ṣọ́lé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ mú un wá. A ó dúró dè yín."

Bàbá onílé mi orí. "Dókítà, ẹ má bínú. Ajá tó bá gba abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ a máa rọ̀. Ọ̀kan fún dókítà, ọ̀kan fún olè."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Dókítà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, abẹ́rẹ́ yìí kì í pa gbígbó ajá. Dìgbòlugi ló ń pa."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n rán mi lọ sí ilé ìwòsàn kan láti lọ kọ ìròyìn nípa nǹkan mìíràn, mo sì bá obìnrin kan pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá. Ọmọ ajá kan ti fi eyín ha á lẹ́sẹ̀, ó nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, ó sì gbàgbé. Oṣù ti gorí oṣù kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. N kò bi obìnrin náà ní ìbéèrè kankan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ni.

"Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo bu omi fún un. Bí ife ṣe kan ètè rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń wo omi bí ẹni tó rí òkú. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n gbé omi kúrò níwájú òun. Bí mo bá gbé e kúrò, á tún máa sunkún pé òun fẹ́ mumi."

Dókítà tó ń tọ́jú ọkùnrin náà ṣàlàyé fún mi pé kí àìsàn náà tó yọjú ni abẹ́rẹ́ máa ń gbani. Bó bá ti yọjú, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Ọkùnrin náà kú kí ìròyìn mi tó jáde. Ìró tí mo gbọ́ láti inú yàrá yẹn nígbà tí wọ́n gbé ife sún mọ́ ọn kò kúrò létí mi títí di òní. Bí omi bá há ẹnikẹ́ni lọ́fun nítòsí mi, mo máa ń dìde.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dá, lẹ́yìn àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn, kí fóònù mi tó dún ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Màmá onílé ni.

"Ẹ máa bọ̀ nílé. Ajá ti bu Màmá Tíṣà jẹ."

Màmá Tíṣà ni màmá mi. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ mi.

"Ajá wo?"

"Ọ̀kan nínú tiwa ni."

"Èwo nínú wọn?"

Mò ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, ariwo tí mo mọ̀ dáadáa nínú iṣẹ́ mi, ariwo èrò tó ti ṣe ohun tó wá ṣe tán. "Ẹ ṣáà máa bọ̀," ló wí.

Mo gun ọ̀kadà torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mọ́kọ́lá. Nígbà tí mo fi dé, ohun tó kù lójú títì níwájú géètì wa ni yanrìn tí ẹnì kan ti dà sórí ẹ̀jẹ̀. Ajá náà ti sá jáde lẹ́yìn tó bu màmá mi jẹ, ẹnì kan ti kígbe "dìgbòlugi!", àwọn ọ̀dọ́ sì ti fi igi àti àdá pa á. Ọkùnrin ọlọ́kadà kan ti gbé òkú rẹ̀ sínú àpò lọ. Ó ní òun ń lọ sọ ọ́ nù. Àwa tí a mọ Agbowó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń sun bẹntiróòlù nítorí àtisọ òkú ajá nù. Nídìí ata gbígbóná àti ọtí tútù ni ìrìn àjò àpò náà máa parí sí.

Màmá mi jókòó sórí àga nínú pálọ̀, wọ́n na ọwọ́ òsì síwájú bí ẹni tó ń dúró kí lálì gbẹ. Nǹkan dúdú kan wà lójú egbò náà.

"Màmá, kí lẹ fi sí i?"

"Irun ajá náà ni wọ́n fà, wọ́n sun ún, wọ́n fi epo pupa pò ó. Ohun tí wọ́n ṣe fún bàbá mi nìyẹn, bàbá mi sì pẹ́ láyé."

Mo fà wọ́n lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Mo fi ọṣẹ fọ egbò náà, mo tún fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kí omi máa ṣàn lé e títí àtàǹpàkò wọn fi hunjọ.

"Ò ń fọ̀ mí bí ìkòkò tí ọbẹ̀ jó mọ́."

"Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?"

"Ibi tí a wà yìí náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì. N kò rí i pé ó sùn sẹ́yìn rẹ̀. Kò gbó. Kò kùn. Eyín ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ̀ pé ajá ni." Wọ́n wo ẹ̀yìn bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. "Ajá tó fẹ́ buni jẹ a máa sọ̀rọ̀ ná."

Mo pe dókítà ẹran tó wá sí oríta wa. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni ibi tí ajá náà wà. Mo sọ fún un. Ó ní ká ní wọn ò pa á ni, à bá so ó mọ́lẹ̀, ká máa wò ó, torí ajá tí dìgbòlugi bá wà nínú itọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Bí wọ́n bá sì ti pa á, orí rẹ̀ ni wọn ì bá yẹ̀ wò. Báyìí, kò sí ajá, kò sí orí. Ó ní yálà ó gba abẹ́rẹ́ o, tàbí kò gbà á, kí màmá mi máa lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n má dúró dọ̀la.

Bàbá onílé ti wọlé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Wọn ò sí nílé nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ìpàdé àwọn ọmọ ìlú ni wọ́n lọ ní Baṣọ̀run. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi tagbatagba.

"Tíṣà, ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà níta ló sọ fún mi pé ọ̀já pupa wà lọ́rùn rẹ̀. Forítì ni. Èyí tó gba abẹ́rẹ́ ló kú. Ẹnuayé ló wà lábẹ́ mọ́tò àlòkù tó wà níta yẹn."

Màmá mi mí kanlẹ̀. "Ọmọ ìlú mi kò ní purọ́ fún mi. Ó ti tán nìyẹn."

"Kò tíì tán, Màmá. Dókítà ní kí ẹ lọ bó ti wù kó rí."

"Dókítà ajá! Kí ó lọ máa tọ́jú ajá. Mo mọ abẹ́rẹ́ yẹn. Ìdodo ni wọ́n ń gún un sí, ní gbogbo àyíká ìdodo, títí inú èèyàn á fi dà bí asẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan gbà á nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹkún tó sun, a gbọ́ ọ ní ilé gíwá. Nítorí ajá tó ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, kí èmi náà wá lọ gba tèmi?"

Mo bẹ̀ wọ́n. Bàbá onílé bẹ̀ mí pé kí n má bẹ̀ wọ́n mọ́. Nígbà tó yá, màmá mi na ìka sí mi bí ẹni tó ń pe ọmọ kíláàsì dìde.

"Ìwọ akọ̀ròyìn. Ìwọ tó máa ń sọ pé ẹlẹ́rìí ló ń sọ òótọ́. Àwọn èèyàn wà níta. Lọ wádìí. Bí o bá rí ẹnì kan ṣoṣo tó ní kò sí ọ̀já pupa lọ́rùn ajá yẹn, màá wọ bàtà mi, màá tẹ̀ lé ọ. Bí o ò bá rí, jẹ́ kí n simi."

Mo jáde.

Ọkùnrin tó ń lẹ táyà níwájú géètì wa ni mo kọ́kọ́ bá. Kò gbé orí sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀. "Ọ̀já pupa? Mo rí i kedere, bí mo ṣe ń rí yín yìí. Ó yí ọrùn rẹ̀ ká. Ó fẹ̀ tó ìka méjì báyìí." Ó fi ìka tó dúdú fún gírísì hàn mí.

Obìnrin tó ń ṣe POS lábẹ́ àgbòjò ní òun gan-an rí i. "Pupa ni, ó sì ń dán. Mo tiẹ̀ sọ nínú ara mi pé ta ló fi nǹkan tó dán báyìí sọ́rùn ajá."

Ẹnì kẹta jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé nínú ilé tó kọjú sí tiwa. Ó wà lára àwọn tó pa ajá náà, ara rẹ̀ kò sì tíì balẹ̀. "Àǹtí, ẹ má kọ orúkọ mi sínú pépà o."

"N kò kọ nǹkan kan. Ṣé o rí ọ̀já lọ́rùn rẹ̀?"

"Mo rí i. Kí n tó gbá a ni mo ti rí i." Ó ronú díẹ̀. "Àbí ẹ̀yìn tí mo gbá a ni. Ṣùgbọ́n pupa ni, àǹtí. Mo lè búra."

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta, tí ọ̀kan kò gbọ́ tèkejì, tí ẹnu wọn sì ṣọ̀kan. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, bí mo bá rí irú rẹ̀, mo máa ń jókòó kọ ìròyìn lójú ẹsẹ̀. Mo dúró níwájú géètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yanrìn yẹn, ó sì wá sí mi lọ́kàn pé kí n wọlé lọ purọ́. Kí n ní obìnrin POS kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n màmá mi ti fi gbogbo ayé wọn gbọ́ irọ́ ọmọdé. Bí wọ́n bá ti gbá mi mú nínú ọ̀kan, wọn ò ní gba òótọ́ kankan lẹ́nu mi mọ́ lọ́jọ́ náà, ọjọ́ sì ń lọ.

Mo wọlé, mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún wọn.

Màmá mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ tó dun wọ́n. "Ẹlẹ́rìí mẹ́ta! Bíbélì kò béèrè ju méjì lọ."

Màmá onílé wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé, n kò fojú sí i. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, aládùúrà, tó jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ síwájú màmá mi.

"Màmá Tíṣà, kò sí ọ̀já lọ́rùn rẹ̀."

"Kí lo wí?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Kò sí ọ̀já lọ́rùn ọ̀kankan nínú wọn. Ọjọ́ tí ẹ mú un dé láti oríta náà ni mo já a. Wòlíì ń bọ̀ wá ṣe àdúrà nílé wa lọ́sẹ̀ yẹn, pẹ̀lú àwọn ará ìjọ. Kí wọ́n wá bá ajá tó so aṣọ pupa mọ́rùn lójú ọ̀nà? Wọ́n á ní a fẹ́ fi bọ nǹkan ni. Ó ń jẹun lọ́wọ́, mo já a, mo jù ú síná."

Láti ìta, mò ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú táyà.

"Kí wá ni wọ́n rí?" ni màmá mi béèrè.

Mo ronú kan ìka méjì tí ọkùnrin yẹn fi hàn mí. Mo ronú kan dídán. Ọ̀já àwọn dókítà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì dán. Mo rántí pé àdá wà lára ohun tí wọ́n fi pa á, mo sì rántí ẹ̀jẹ̀ abẹ́ yanrìn yẹn. N kò sọ ọ́ jáde. Ojú màmá mi sọ fún mi pé àwọn náà ti rò ó débẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ já a," ni mo wí fún màmá onílé, "ṣé ẹ mọ wọ́n yàtọ̀?"

"Ọ̀já yẹn nìkan ni mo fi ń mọ̀ wọ́n."

Bàbá onílé dìde. "Èmi mọ ajá mi. Ẹ bọ́ síta, kí ẹ wá wò ó."

Gbogbo wa bọ́ sí ìta. Ajá tó kù wà lábẹ́ mọ́tò àlòkù tó ti dúró sójú kan láti ọdún pípẹ́. Kò gbó fún ariwo ọ̀sán yẹn, kò sì tíì jáde. Àfi ojú rẹ̀ nìkan là ń rí.

"Ẹnuayé!"

Ajá náà dìde, ó sì wá.

"Ẹ rí i?" Bàbá onílé yíjú sí wa, ẹ̀rín ti ń bọ̀ lójú wọn. "Tíṣà, ẹ rí i?"

Màmá mi di òpó mú. "Ẹ pe èkejì."

"Òkú ni, Tíṣà."

"Ẹ ṣáà pè é."

Bàbá onílé pè é ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. "Forítì."

Ajá náà gbé etí sókè. Ó kọ́kọ́ wo géètì, ó wò ó pẹ́, bí èèyàn ṣe ń wo ọ̀nà ẹni tó yẹ kó ti dé. Ìgbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó rìn wá, ó sì fi imú kan ọwọ́ wọn.

Papọ̀ ni wọ́n máa ń pe àwọn méjèèjì sídìí oúnjẹ, láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ: "Ẹnuayé! Forítì!" Èyí tó bá gbọ́ èyíkéyìí á sáré wá. Kò sígbà tó ṣe pàtàkì rí láti mọ èwo ni ta ni.

Bàbá onílé lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orúnkún wọn fi kan ilẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí ajá náà mú, wọ́n fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀, etí rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Ajá náà dúró jẹ́ẹ́. Kò rorò bí Ẹnuayé, kò ṣeré bí Forítì. Nígbà tí wọ́n gbé ojú sókè, ibi tí màmá mi wà kọ́ ni wọ́n wò, torí wọn ò ríran débẹ̀.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, "èmi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ yẹn."

Màmá mi yíjú sí mi. "Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní kí o wá. Lọ gbé bàtà mi."

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá la wọ̀ dé ilé ìwòsàn. Màmá mi fi ọwọ́ ọ̀tún bo ìdodo wọn ní gbogbo ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń yára sọ̀rọ̀.

"Màmá, ajá náà dà?"

"Wọ́n ti jẹ ẹ́."

Kálámù nọ́ọ̀sì dúró. "Wọ́n ti kí ni?"

"Ṣé ẹ ò gbọ́ Yorùbá ni?"

Mo ṣàlàyé. Nọ́ọ̀sì tún egbò náà fọ̀, ó gún oògùn kan sí àyíká rẹ̀. Màmá mi di ojú, wọn ò ké. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè.

"Apá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìdodo ńkọ́?"

"Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, Màmá. Apá ni wọ́n ń gún un sí báyìí. Ẹ ó tún padà wá gba ìyókù."

Màmá mi wo apá wọn, wọ́n wò mí, inú bí wọn. "Apá lásán ni mo ti ń tìtorí rẹ̀ kú lọ yìí."

A padà lọ gba ìyókù láìfo ọ̀kankan. Dókítà ẹran wá gún ajá tó kù lábẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n máa wò ó. Kò ṣàìsàn. Ó ń jẹ, ó ń mu. Ṣùgbọ́n kò gbó mọ́. Bí àjèjì bá kan géètì, á dìde, á lọ dúró, á wo ojú onítọ̀hún dáadáa, á sì padà wá dùbúlẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já kulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé màmá mi ti tètè gba abẹ́rẹ́, kí n má foyà. Mo gbà á gbọ́. Mo ti kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn fún àwọn ẹlòmíràn láìmọye ìgbà. Etí mi ni kò gbà á gbọ́. Ọ̀fun mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá yẹn ti ń gbé nínú ilé mi. Bí màmá mi bá na ọwọ́ sí ife, iṣẹ́ ọwọ́ mi á dúró. Bí fáànù bá fẹ́ sí wọn lójú, màá wò ó bóyá wọ́n á gbọ̀n, torí ìyàwó ọkùnrin yẹn sọ pé afẹ́fẹ́ pàápàá ń bà á lẹ́rù. Bí wọ́n bá wúkọ́ nínú yàrá, màá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Kí lò ń wò?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

"Omi ni mò ń mu. Ṣé o fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò nípa rẹ̀ ni?"

N kò sọ fún wọn ohun tí mo rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn nígbà yẹn lọ́hùn-ún. Wọn ò sì bi mí.

Àwọn dókítà ẹran ti padà wá sí abẹ́ igi máńgòrò láti ìgbà náà. Ojú bàbá onílé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, èmi ni mo fa ajá náà lọ fún wọn, wọ́n di èjìká mi mú. Obìnrin ológbò tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì rẹ̀. Dókítà gún ajá náà, ó so ọ̀já pupa mọ́ ọn lọ́rùn, ó béèrè orúkọ rẹ̀.

"Ẹnuayé," ni bàbá onílé wí. Wọ́n mi orí. "Forítì. Ẹ kọ méjèèjì. Èyí tí ẹ bá pè, á jẹ́ yín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀já náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bó bá dọ̀tí, màmá onílé á tú u, á fọ̀ ọ́, á sá a sórí okùn láàárín aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, á sì tún so ó padà. N kò lè wo ọ̀já yẹn pẹ́. Bí ajá náà bá dùbúlẹ̀ sójú oòrùn níwájú géètì, tí mo sì ń bọ̀ láti òkèèrè, ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́ta yẹn rí ni èmi náà ń rí.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, màmá mi kì í gbà fún ẹni tó bá ń fa omi gbùdù-gbùdù. Wọ́n á ní ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ ló ń mumi bí ẹran. Wọ́n lè mu ife omi kan tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kí o má mọ̀. N kò lè sọ pàtó ọjọ́ tó yí padà. Mo wà nídìí iṣẹ́ mi ní pálọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wà ní kíṣìnnì, n kò dìde, n kò yọjú. Mo gbọ́ tí omi ń bọ́ sínú ife. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, gbùdù, gbùdù, gbùdù, ó ga, kò dáwọ́ dúró, títí ife fi gbẹ, tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ gbàmù sórí tábìlì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mu ún láti ọjọ́ náà, níbikíbi tí mo bá wà nínú ilé. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Wọ́n kàn ń fa omi náà pẹ̀lú ariwo, kí n lè gbọ́.